Kí Gíà Tó Mú: Ọjọ́ Kan Lábẹ́ Igi Máńgòrò ní Ọ̀fàdà

Aago 5:40 ìdájí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ọ̀fàdà ṣì dákẹ́, àfi àkùkọ àti ohùn ẹni tó ń pe ìrun lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù náà wà níbi tí mo gbé e sí láti àná, lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà mẹ́káníìkì, ìrì ti bo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni, òtútù ìdájí mú. Mo fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ó tutù bí ìkòkò àmù.

Ohun tí ọ̀gá mẹ́káníìkì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo wa ọkọ̀ dé láti Ṣàgámù ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo rò pé yóò wọ abẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo rojọ́ fún un: láàárọ̀, bí mo bá fi gíà sí D, ọkọ̀ á dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Mo á ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ó tó dún "gbì!" lábẹ́ ìdí mi, kí ó tó gbéra. Ti rìfáàsì tún wá burú ju ìyẹn lọ. Ó gbọ́ mi tán, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ọkọ̀ tó ṣì gbóná kò lè rojọ́ òwúrọ̀ fún mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó sùn síbí. Kí ẹnikẹ́ni má ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ títí n óò fi dé."

Mẹ́káníìkì méjì ti wo ọkọ̀ yìí ṣáájú rẹ̀, níbòmíràn. Kò sí èyí tó lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní gíà ti kú. Ẹnì kejì ní kí a lọ ra tọ́kùnbọ̀ gíà ní ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣin, pé òun yóò yọ ògbólógbòó yìí bọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ọkọ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń ṣe. Ó máa ń ra èyí tó ṣì wà nínú èèpo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á rẹ ẹ́ sómi, á sè é, á sá a, á gbé e lọ sí ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń bó o, á sì kó o lọ tà. Owó gíà tí wọ́n ní kí a lọ rà ni owó tí ó fẹ́ fi ra ìrẹsì ìkórè ọdún yìí. Ìdí nìyí tí mo fi tètè jí.

Aago 6:05

Ọ̀gá dé pẹ̀lú ọmọṣẹ́ kan, ọmọdékùnrin tí kò lè ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. A kí ara wa. Ó gbé òkúta ńlá méjì sí iwájú táyà, ó gbé méjì sí ẹ̀yìn, ó fa hánbíréèkì. Ó ní kí n jókòó, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí n má sì tẹ iná rárá. Ọmọṣẹ́ dúró létí fèrèsé mi pẹ̀lú aago inú fóònù. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀, ó di ojú.

Ẹ́ńjìnì dá. A dúró kí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó yá, láti N sí D."

Mo fi í sí D. Kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹyẹ kan ń ké lórí igi. Lẹ́yìn náà, gbì. Ọmọṣẹ́ ka aago: ìṣẹ́jú àáyá 4.3. Mo dá a padà sí N, a dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan, mo fi í sí R. Ó di 5.2. A tún un ṣe. D di 3.4, R di 4.0. Ẹ̀ẹ̀kẹta, D di 2.9, R sì di 3.6. Ọ̀gá ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí ọ́ìlì ti rin ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fa ìlà sí àárín, D lápá òsì, R lápá ọ̀tún.

Nínú ọkọ̀ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ klọ́ọ̀ṣì, irin ló ń sún irin. Bí o bá ki gíà, o ti ki í. Nínú ọ́tòmátíìkì, ọ́ìlì ni alágbàṣe tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Pọ́ńpù kan wà níwájú gíà tí ẹ́ńjìnì ń yí. Pọ́ńpù yìí ń fa ọ́ìlì láti inú páànù ìsàlẹ̀, ó ń gbà á kọjá lára asẹ́ kan, ó sì ń tì í lọ sókè pẹ̀lú agbára. Bí o bá fi ọwọ́ gíà sí D, ọ̀nà kan ló ṣí fún ọ́ìlì náà láti ṣàn lọ kún inú kòròfo kan, kí ó ti àwọn pílétì klọ́ọ̀ṣì mọ́ra wọn. Ìgbà tí wọ́n bá fún mọ́ra tán ni ọkọ̀ ń dún gbì. Nítorí náà, ìdúró tí à ń dúró yẹn, ọ́ìlì ló ń rìn bọ̀. Ẹni tó bá ti ní kànga ẹ̀rọ nílé yóò mọ̀ ọ́n: bí páìpù bá ti gbẹ, ẹ̀rọ á máa dún, táàpù kò sì ní yọ omi títí páìpù yóò fi kún.

Ìbéèrè ọjọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Kí ló dá ọ́ìlì dúró lọ́nà? Ó lè jẹ́ pé kò pọ̀ tó. Ó lè jẹ́ pé asẹ́ ti dí. Ó lè jẹ́ pé róbà inú gíà ti gan, tí ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Ó lè jẹ́ pé pọ́ńpù ti jẹ, tàbí pé pílétì ti jẹ. Àwọn kan nínú ìwọ̀nyí kò ná ju owó oúnjẹ lọ. Àwọn yòókù lè gba odidi gíà. Àwọn méjì tó ti wo ọkọ̀ ṣáájú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó pọ̀ sí.

"Ẹ rí i pé ó ń yára sí i bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni ọ̀gá wí, ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ bá mi fi í sọ́kàn."

Aago 7:20

A wa ọkọ̀ jáde gba ọ̀nà Mowe, kí gíà lè gbóná dé ibi tó yẹ. Ọ̀nà náà kún fún kòtò, a kò lè sáré. Ọ̀gá ló ń wà á. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ń fi etí gbọ́ bí ó ṣe ń pààrọ̀ láti ọ̀kan sí èjì, láti èjì sí ẹ̀ta. Ìpààrọ̀ náà dán, kò fà, kò sì yọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dára díẹ̀, ó mú un dé gíà kẹrin, ó mi orí. Ó ní bí pílétì bá ti jẹ tán, ariwo ẹ́ńjìnì ìbá máa lọ sókè kí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

A padà sí ọgbà, a tún ka aago lẹ́ẹ̀mẹ́ta. D: 2.1, 1.9, 2.0. R: 2.8, 2.6, 2.7.

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìdì fọ́tòkọ́pì kan jáde nínú báàgì róbà. Ìwé àtúnṣe ni, ti gíà A340. Ilé iṣẹ́ Aisin AW ní Jàpáánì ló ṣe gíà náà fún Toyota, ó ní gíà mẹ́rin síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Tacoma ọdún 1999 ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, gíà yìí ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó lágbára. Ọ̀gá fi ìka tọ́ ìlà kan tó ti fi bírò fà: nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé ìwọ̀n 50 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, láti N sí D kò gbọdọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2, láti N sí R kò gbọdọ̀ tó 1.5. Kí a kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a sinmi ìṣẹ́jú kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wá wá ìpíndọ́gba wọn.

Mo ti ń wa ọkọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. N kò mọ̀ rí pé ẹnì kan ti jókòó ka iye àsìkò tí gíà fi ń mú, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe. Inú mi dùn débi pé mo ní kí ó jẹ́ kí n fi fóònù ya ojú ìwé náà.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí D nìkan bá ń pẹ́, à ń fura sí klọ́ọ̀ṣì ti iwájú. Bí R nìkan bá ń pẹ́, à ń fura sí klọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì inú gíà tí rìfáàsì ń lò. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá jọ ń pẹ́? Ohun kan náà tí àwọn méjèèjì jọ ń mu ni a ó wò: agbára ọ́ìlì. "Bí ọmọ kan bá ń sunkún ebi nínú ilé, ẹ wo ọmọ yẹn," ló wí. "Bí gbogbo ọmọ bá ń sunkún, ẹ lọ wo ìkòkò."

Aago 8:30

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó gun ọ̀kadà wá, ìyẹ̀fun èèpo ìrẹsì ṣì wà ní eteetí ìborùn rẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá. Àbúrò mi, ṣé wọ́n ti rí i?"

"Ìyá Onírẹsì, ẹ káàárọ̀, mà. A ti ń sún mọ́ ọn."

Ọ̀gá ti jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó ní kí n tẹ bíréèkì, kí n fi ọwọ́ gíà kọjá lórí gbogbo rẹ̀, láti P títí dé L, kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n dá a padà sí P. Nígbà náà ni ó fa gééjì ọ́ìlì gíà yọ. Ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì kò kan ìlà ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ HOT sí. Orí gééjì nìkan ló rin.

"Ta ní ń bá yín wo ọ́ìlì gíà?"

Èmi ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń wò ó, ó sì ń kún.

"Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú?"

Ó ti kú ni. Bí mo ṣe ń wo ti ẹ́ńjìnì ni mo ṣe ń wo ti gíà: láàárọ̀, kí n tó ki kọ́kọ́rọ́. Ó mi orí, kò bá mi wí, ó kàn ní kí n pa ẹ́ńjìnì náà. A dúró díẹ̀, ó tún fa gééjì yọ. Ọ́ìlì ti gòkè kọjá ìlà. Ọ́ìlì kan náà, gíà kan náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ńpù ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sókè, ó wà nínú kọ̀nfátà tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà, nínú páìpù, nínú fáfù bọ́dì tó ń pín ọ́ìlì kiri. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, èyí tó wà lókè á máa ṣàn padà sínú páànù, gééjì á wá sọ pé ó kún. Bí ọkọ̀ bá sì sùn mọ́jú, púpọ̀ sí i á ti padà sísàlẹ̀. Ọ́ìlì tí kò pọ̀ tó yóò wá máa tiraka láti kún gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdájí, nígbà tí òtútù ti mú un ki. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tí à ń kà nìyẹn.

Ojú tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Fún oṣù mélòó ni mo ti fi ń sọ fún un pé ọ́ìlì kún? Bí wọ́n bá ti gba owó rẹ̀ ra gíà, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọn ìbá gbà á.

Ọ̀gá nu orí gééjì sára aṣọ funfun kan, ó nà án síta nínú oòrùn. Ọ́ìlì náà ti pọ́n dúdú díẹ̀, kì í ṣe pupa fòò bíi ti tuntun. Kò funfun bí omi ògì, nítorí náà omi rèdíétọ̀ kò tíì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì nawọ́ aṣọ náà sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyá, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀."

Kò ṣe é fún eré. Obìnrin tí ń ṣe ìrẹsì Ọ̀fàdà, imú ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ibi rírẹ ni ìrẹsì náà ti ń rí òórùn tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, bí rírẹ rẹ̀ bá sì kọjá àkókò, ẹ̀gbọ́n mi á ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí ó tó ṣí ìkòkò. Ó gbé aṣọ náà sún mọ́ imú, ó dákẹ́, ó ní, "Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kò jóná."

"Ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn," ni ọ̀gá wí. Bí pílétì bá ti jó, ọ́ìlì á máa rùn bí ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ gbẹ sí. Ibi tí mo kọ́kọ́ ti rí ìrètí lójú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Aago 9:40

Ọ́ìlì gíà kì í jó tán bí ti ẹ́ńjìnì. Bí ó bá dín kù, ó ń jò ni. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, wọ́n ki kùkùté igi sábẹ́ ṣásí. Ọ̀gá kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi ti ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó dúró.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Páìpù méjì ló ń gbé ọ́ìlì láti gíà lọ sí rèdíétọ̀ láti tutù, kí ó tó padà. Níbi tí irin rẹ̀ ti pàdé róbà, lápá ìsàlẹ̀ rèdíétọ̀, róbà náà ti sán wẹ́wẹ́ bí awọ gìgísẹ̀, kílíìpù rẹ̀ sì ti dẹ̀. Ilẹ̀ pupa àti ọ́ìlì ti di àkàsù yí i ká. Kò jò débi tí ènìyàn yóò rí i nílẹ̀ láàárọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn ni ó ń ta sára, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Ọmọṣẹ́ fi sukudiráfà ha àkàsù náà, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tó ti ń jò."

Aago 10:30

Èmi rò pé iṣẹ́ ti parí: kí a pààrọ̀ róbà, kí a bu ọ́ìlì, kí a máa lọ. Ọ̀gá ní rárá. Gíà tó ti fi ọ́ìlì tí kò tó rìn, òun fẹ́ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ páànù rẹ̀ kí òun tó bu ọ́ìlì tuntun sórí ẹ̀gbin.

Ó tú bóòtù ìdí páànù, ó jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn sínú ọpọ́n, ó sì bù ú sínú ike omi láti wọ̀n ọ́n. Lítà kan àti díẹ̀. Níbi tí nǹkan bíi lítà méjì ti yẹ kó jáde. Mo fẹ́ràn wíwọ̀n yẹn ju gbogbo àlàyé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò mọ nǹkan kan nípa gíà mọ̀ pé òṣùwọ̀n kò kún.

Wọ́n tú bóòtù páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Òòfà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe gíà fi síbẹ̀ láti kó ìdọ̀tí irin. Ẹrẹ̀ dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ́ ẹ. Ó kúnná bí èlùbọ́ àmàlà. Ó ní bí òun bá rí ègé irin tí òòfà ń fà, bíárìn tàbí eyín gíà tàbí pílétì ló ń jẹ. Bí òun bá rí ègé tó ń dán bíi wúrà tí òòfà kò fà, búṣì ni. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wá gbogbo ojú páànù náà, ó yí i sí oòrùn, ó tún yí i padà. Kò sí ègé kankan. Ẹrẹ̀ lásán ni, èyí tí gíà tó ti rin 218,000 máìlì kò lè ṣe kó má ní.

Asẹ́ rẹ̀ ni kò dára. Nígbà tí ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ́ìlì kò tó, ẹnu tó ń gbà wọlé sì ti há.

Aago 12:15 ọ̀sán

Ọmọṣẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí Mowe láti ra asẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì, róbà, kílíìpù méjì àti ọ́ìlì. A jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbé ìrẹsì wá nínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù tí irú pọ̀ nínú rẹ̀. A jẹun.

Mo bi ọ̀gá léèrè bó ṣe kọ́ ọ́tòmátíìkì. Ó ní lára Peugeot 504 ni òun ti kọ́ṣẹ́, bíi gbogbo ẹgbẹ́ òun. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọkọ̀ náà ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì Nàìjíríà níṣẹ́: gíà tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ klọ́ọ̀ṣì rẹ̀, klọ́ọ̀ṣì tí ènìyàn lè yọ láàárọ̀ kí ó sì dè é padà kó tó di ọ̀sán. Nígbà tí tọ́kùnbọ̀ olọ́tòmátíìkì wá gbòde, kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ kàn ń yọ odidi gíà, wọ́n ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, tí ìyẹn náà jẹ́ ògbólógbòó tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Mo rò pé òótọ́ ni. Mo sì rò pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn nìkan. Àwa oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún wíwò. Irin tuntun tí a bá rí ní ọwọ́ mẹ́káníìkì ni a máa ń sanwó fún.

Ohun tó wà nínú gíà náà kì í sì í ṣe tuntun. Hermann Föttinger, ará Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ ní 1905 fún ọgbọ́n fífi omi gbé agbára láti ara ẹ̀rọ kan sí èkejì láìjẹ́ pé irin kan irin. Ọkọ̀ ojú omi ló ń rò nígbà yẹn. Nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940 ni General Motors ti kọ́kọ́ ta ọ́tòmátíìkì pátápátá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, Hydra-Matic ni wọ́n pè é. Láti ọdún yẹn wá, ọ́ìlì ṣì ni.

Ọmọṣẹ́ dé ní aago méjì kọjá. Ọ̀gá wo ọ́ìlì tó rà, ó dá a padà fún un. T-IV ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ní Dexron III ni gíà ti ọdún yẹn ń mu, ìwé sọ ọ́, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó tà á ti sọ fún un pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. "Padà lọ." Kò gbé ohùn sókè. Ọmọ náà padà lọ sí Mowe. Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó dìde lọ wo ìrẹsì tó sá sóòrùn.

Aago 3:30

Wọ́n nu páànù mọ́ tónítóní, wọ́n dá òòfà padà, wọ́n dè é. Róbà tuntun, kílíìpù tuntun. Ó bu lítà méjì, ó dá ẹ́ńjìnì, ó fi gíà kọjá lórí gbogbo rẹ̀, ó wo gééjì, ó bu ìdajì lítà, ó tún wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú, nítorí ọ́ìlì tó bá kún jù náà a máa ru fóòmù, fóòmù kò sì lè ti pílétì.

Ó tún wo kébù tó ti ẹnu ẹ́ńjìnì wọ inú gíà. Kébù yìí ló ń sọ fún gíà bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó lórí iná, òun ló sì ń pinnu iye agbára tí ọ́ìlì yóò ní. Ó ní kí n tẹ iná délẹ̀ láìdá ẹ́ńjìnì, ó wo àlàfo tó wà láàárín orí róbà àti ìdènà ara kébù náà. Kò gbọdọ̀ ju mìlímítà kan lọ. Kò jù ú. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Aago 4:40

A tún lọ, a tún bọ̀ lọ́nà Mowe. Ó gbóná. Òkúta padà sídìí táyà. D: 1.3, 1.1, 1.1. R: 1.7, 1.6, 1.6.

Èmi pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe "Olúwa ṣeun!" Ọ̀gá kọ nọ́ńbà sínú ìwé, ó sì wo R fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣì kọjá 1.5. Mo ní kí ó tẹ bíréèkì kí ó tẹ iná pọ̀, bí mo ṣe rí i tí àwọn kan ń ṣe, kí a lè mọ agbára gíà. Ó kọ̀. Ìdánwò yẹn wà nínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, nítorí ooru rẹ̀ pọ̀. Òun kò ní fi ooru bẹ́ẹ̀ jẹ gíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọ́ìlì lónìí yìí níyà. Ó ní gééjì tí a fi ń wọn agbára ọ́ìlì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun kan ní Mowe. Bí òwúrọ̀ ọ̀la kò bá dára, òun yóò yá a.

"Ọ̀la kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Àpò ìrẹsì méjìlá ń dúró dè é, oníbàárà rẹ̀ sì ti pè lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mà. Òwúrọ̀ ló ṣàìsàn. Òwúrọ̀ ni kí a bi."

Ó rò ó. Ó pe oníbàárà náà, ó bẹ̀ ẹ́. Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Aago 5:40 ìdájí, ọjọ́ kejì

Ìrì, àkùkọ, ìpè ìrun. Ọkọ̀ ti tutù. Ọ̀gá tẹ̀ ba, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ lábẹ́ rèdíétọ̀, ó fọwọ́ ra róbà náà. Ó gbẹ.

N sí D: 1.8. N sí R: 2.5.

Ní ìdájí àná, 4.3 ni àti 5.2. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láìfi nǹkan kan pamọ́ pé róbà inú gíà ti dàgbà, ó ti gan díẹ̀, òtútù á sì máa mú un ní ìdájí. Ọ́ìlì tuntun lè rọ̀ ọ́, ó sì lè má rọ̀ ọ́. Kí ó wa ọkọ̀ rẹ̀, kí ó má ra gíà kankan, kí ó padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí a tún kà á. Bí nọ́ńbà bá gòkè, a ó mọ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Ó já ojú ìwé náà, ó fún un. Ó yí sí mi, ó ní kí n fa gééjì yọ níṣojú òun, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́. Mo fà á yọ, mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ. Ó ní ìlà òtútù tó wà nísàlẹ̀ ni kí n fi wò ó ní irú àkókò yìí, kí n fi ti HOT sílẹ̀ di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rìn. Mo wò ó. Ó wà láàárín ìlà méjèèjì.

A kó àpò ìrẹsì méjìlá sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sídìí ọkọ̀, ó fẹ́ wà á fúnra rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó fi gíà sí D, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, ó dúró. Gbì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.